Orí Karùn-ún: Yíyan Táyà fún Ọkọ̀ Alágbára ní Ọ̀nà Anié

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, tó sì ń wà á ní Togo, láti Lomé lọ sí Atakpamé, láti Atakpamé wọ Anié, tàbí tó ń gba Anié kọjá lọ sí Blitta, Sokodé àti Kara. Mercedes oní-sílíńdà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, BMW, Audi, àti àwọn jíìpù ńláńlá ni mo ní lọ́kàn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba èbúté Lomé wọlé láti Yúróòpù, ọmọ Anié tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé tàbí ní òkè òkun a sì máa gbé e wálé fún ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Ọkọ̀ náà lè dára, kí bíréèkì rẹ̀ mú ṣáṣá, kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ má ní àbùkù kankan. Bí táyà rẹ̀ kò bá yẹ ọ̀nà, gbogbo dídára yẹn kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ kò pọ̀. Ní ọ̀nà tiwa, táyà tó yẹ ọkọ̀ alágbára ni èyí tó ń di ilẹ̀ mú nínú òjò, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó láti fara da kòtò, tí a sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹwà rímù àti eré sísá lórí ọ̀dà gbígbẹ ń bọ̀ lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí agbára ẹ́ńjìnì parí sí

Ibi tí táyà kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ni gbogbo ọkọ̀, èrò inú rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ dúró lé. Bí ẹ bá tẹ iná, ibẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnì ti ń kan ilẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí kọ́nà, ibẹ̀ náà ni. Ẹ́ńjìnì tó ní agbára ẹṣin 400 kò lè gbé ju ìwọ̀n tí táyà lè dì mú lọ sórí ilẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù yóò mú kí táyà máa yí lásán, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì máa gbọ̀n lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ìdúró ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju ìdíde rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lórí ọ̀dà gbígbẹ, tí táyà rẹ̀ sì dára, yóò dúró láàárín nǹkan bíi mítà 50 lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ojú táyà sì ti jẹ, ìdúró náà lè sún mọ́ mítà 80. Ẹ fi ti ọpọlọ awakọ̀ kún un: ní eré yẹn, mítà 28 ni ọkọ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì rárá. Ìyàtọ̀ ńlá ni mítà 30 jẹ́ láàárín ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn tírélà àti ọkọ̀ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bíréèkì ABS kò lè dá ìdìmú sílẹ̀. Èyí tí táyà bá ní nìkan ni ó ń ṣètò rẹ̀.

Ohun tí ọ̀nà wa ń ṣe sí táyà

*Oòrùn.* Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó dé, ọ̀dà dúdú tó wà nínú oòrùn lọ́sàn-án lè gbóná kọjá 50°C. Táyà náà ń mú ooru ti ara rẹ̀ jáde bó ṣe ń tẹ̀ tó sì ń nà ní gbogbo ìyípo. Ooru méjèèjì pàdé nínú rọ́bà. Láti Atakpamé, ìlú orí òkè, ọ̀nà ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Anié, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń na ẹsẹ̀ nítorí pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni táyà ti ń gbóná jù.

*Òjò.* Láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè wa. Òjò àkọ́kọ́ léwu ju èyí tó tẹ̀lé e lọ, nítorí pé ó ń bá epo ọkọ̀ àti eruku ọyẹ́ lórí ọ̀dà, ó sì ń sọ wọ́n di ohun tó ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ni omi ń dúró sí ojú ipa tí àwọn tírélà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ẹrù èbúté Lomé ń gbà lọ sí Burkina Faso, òun náà ni òwú àti iṣu ń gbà sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ipa tírélà kò lè ṣe kó má sí.

*Kòtò.* Etí ọ̀dà tó ti ya, kòtò tí omi bò, àti òkè dídín-eré-kù tí a kò kùn lọ́dà funfun ni wọ́n ń pa táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kúkúrú. Rímù á gún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ etí kòtò, okùn inú rẹ̀ á já, wúlìwúlì á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Táyà tó bá ti wú báyìí kò ṣe é tún ṣe. Bíbẹ́ rẹ̀ ku ọjọ́ kan.

*Ẹrù.* Ọkọ̀ tó bá èèyàn méjì wá láti Lomé kì í padà bẹ́ẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti àwọn ìbátan tó ń bá a lọ ni yóò kún un. Táyà tí ẹ yàn gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ ọjọ́ ìpadàbọ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ ìwásílé nìkan.

Bí a ṣe ń ka ara táyà

Ohun gbogbo tí ẹ nílò wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: 225/45 R17 94W XL.

225 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà.

45 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a fi fífẹ̀ wọ̀n. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ti 225 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 101. Bí nọ́ńbà yìí bá ti ń kéré sí i ni ẹ̀gbẹ́ ń kúrú sí i.

R ń sọ pé okùn inú táyà gba ìdábùú láti etí kan dé èkejì. Michelin ló gba àṣẹ irú táyà yìí ní 1946, òun sì ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ kéékèèké ń lò lónìí.

17 ni ìbú rímù ní íǹṣì.

94 ni ìwọ̀n ẹrù tí táyà kan lè gbé. 91 jẹ́ kìlógíráàmù 615, 94 jẹ́ 670, 97 jẹ́ 730, 100 sì jẹ́ 800.

W ni eré tó ga jù tí a ṣe táyà náà fún. T jẹ́ kìlómítà 190 ní wákàtí kan, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300.

XL ń fi hàn pé a fún ara táyà lágbára láti gbé ẹrù ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a fẹ́ fi W ṣe ní ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó yẹ kó sá 200. Ìdáhùn ni pé lẹ́tà yìí ń sọ bí táyà ṣe ń fara da ooru. Táyà tó lè dúró ní 270 nínú ilé ìdánwò ní àlékún ìfaradà nígbà tó bá ń sá 110 nínú oòrùn Anié pẹ̀lú ẹrù. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ kúrò ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ẹrù tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ kọ. Ẹ ó rí i nínú ìwé ọkọ̀, tàbí lórí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí inú ìdérí ojú táńkì epo. Lẹ́tà náà kò sì wúlò mọ́ fún táyà tí a ti lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, tàbí tí a di ẹrù pa.

Ẹ tún wá lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà kan nínú òbìrí: ó ń fi hàn pé táyà náà bá ìlànà Yúróòpù mu. Lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ ó tún rí ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà: Traction, tó ń sọ ìdìmú lórí ilẹ̀ tútù láti AA wá sí C, Temperature, tó ń sọ ìfaradà ooru láti A wá sí C, àti Treadwear, nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú táyà yóò ṣe pẹ́ tó. Fún ọkọ̀ alágbára ní ọ̀nà yìí, AA tàbí A ni kí ẹ gbà fún Traction, A nìkan fún Temperature. Ẹ rántí pé bíréèkì títẹ̀ ní ọ̀nà tààrà ni wọ́n fi wọn Traction. Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́nà.

Láti 2012 ni Yúróòpù ti ń lẹ ìwé mọ́ táyà tuntun, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Lórí rẹ̀ ni lẹ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òjò, láti A dé E. Lẹ́tà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó béèrè iye owó. A ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí, ẹ gba B.

Irú táyà tó wà, àti èyí tó yẹ wá

*Táyà eré ti ojú pópó.* Irú Michelin Pilot Sport, Continental SportContact, Goodyear Eagle F1, Bridgestone Potenza àti Pirelli P Zero ni mo ń sọ. Ìlú tí ń móoru ni wọ́n ṣe rọ́bà wọn fún, àwọn ihò gbọọrọ tó yí wọn ká sì ń lé omi jáde. Fún ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 300 sókè, tó sì ń dúró lórí ọ̀dà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn wọ̀nyí ni mo kọ́kọ́ dámọ̀ràn.

*Táyà ìrìnàjò.* Michelin Primacy, Bridgestone Turanza àti Pirelli Cinturato wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n rọrùn fún ara, wọ́n pẹ́ ju ti eré lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dára nínú òjò. Bí ọkọ̀ yín bá lágbára ṣùgbọ́n tí ẹ kì í fi í sáré, tí lẹ́tà eré àti nọ́ńbà ẹrù bá pé, táyà ìrìnàjò tó ní A nínú òjò sàn ju táyà eré tó ní C lọ.

*Táyà ìdíje tí a fọwọ́ sí fún ojú pópó.* Michelin Pilot Sport Cup 2 àti Pirelli P Zero Trofeo R jẹ́ àpẹẹrẹ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sí èyí tó jù wọ́n lọ. Ihò ojú wọn kéré, omi tó dúró lójú ipa tírélà yóò sì gbé wọn kúrò nílẹ̀ kíákíá. Ẹ má ṣe gbé wọn wá sí ọ̀nà wa yìí, RN1.

*Táyà ìgbà òtútù.* Ìkìlọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ra ọkọ̀ ní Lomé fi sọ́kàn jù lọ nìyí. Òfin Jámánì fi dandan lé táyà ìgbà òtútù nígbà tí yìnyín bá wà lójú ọ̀nà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú táyà òtútù lẹ́sẹ̀. Ojú wọn lè nípọn, kí olówò sì máa yìn wọ́n pé tuntun ni wọ́n. Rọ́bà wọn rọ̀, nítorí pé ìgbóná tó bá lọ sílẹ̀ ju 7°C ni wọ́n ṣe é fún. Lórí ọ̀dà wa, ó ń rọ̀ jù, ó ń jẹ kíákíá, bíréèkì ń gùn sí i, ọkọ̀ sì ń mì ní kọ́nà. Àmì rẹ̀ ni àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí ìràwọ̀ yìnyín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì yìí lára ọkọ̀ alágbára, ẹ ka owó táyà mẹ́rin kún owó ọkọ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Àwọn táyà onígbà-gbogbo ti Yúróòpù náà sábà máa ń ní àmì yìí. Wọ́n sàn díẹ̀ ju ti òtútù lọ, síbẹ̀ wọn kò yẹ ẹ́ńjìnì ńlá nínú ooru wa. Lẹ́tà M+S nìkan, láìsí àwòrán òkè, kò túmọ̀ sí táyà òtútù. Ọ̀pọ̀ táyà jíìpù ló ní in.

Rímù ńlá tàbí ẹ̀gbẹ́ gíga?

Ọkọ̀ kan náà sábà máa ń jáde nílé iṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n rímù méjì tàbí mẹ́ta. Olówó Yúróòpù yan èyí tó tóbi jù nítorí ẹwà. Ní Anié, ẹ yan èyí tó kéré jù tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, tí bíréèkì sì lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. 255/35 R19 ní ìbú odindi tó jẹ́ mìlímítà 661. 255/40 R18 náà jẹ́ 661. Nítorí náà, ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ pààrọ̀, ohun tí ń ka eré kò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà ti gùn láti mìlímítà 89 dé 102. Ààbò mìlímítà 13 ni ẹ fi kún àárín rímù àti etí kòtò. Bákan náà, 225/40 R18, 225/45 R17 àti 205/55 R16 kò ju mìlímítà 6 lọ sí ara wọn ní ìbú odindi. Èyí tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ tó tó mìlímítà 113, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì yẹ ẹ́ńjìnì tó lágbára gan-an. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, 17 ni mo máa dúró sí.

Kí ẹ tó ra rímù kékeré, ẹ gbé ọ̀kan kọ́ iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i. Bíréèkì ńlá AMG tàbí ti BMW M lè má jẹ́ kí rímù 17 wọlé. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n yín parí sí. Ẹ má ṣe lọ bíréèkì, ẹ má sì ṣe fi wáṣà ti rímù síta.

Ìdí kejì tí ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ fi dára ni pé ẹ ó lè rí i rà. Bí táyà bá bẹ́ lálẹ́ láàárín Anié àti Blitta, 225/45 R17 ṣeé wá ní Atakpamé tàbí Sokodé. Ọ̀rọ̀ 285/30 R20 yóò di ti Lomé, tàbí ti òkè òkun.

Ọ̀pọ̀ BMW àti Mercedes kò ní táyà sípíà rárá, nítorí pé táyà tó lè rìn láìsí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi kọ́ wọn. Àmì rẹ̀ lè jẹ́ RSC, ROF, SSR, ZP tàbí MOE. Lápapọ̀, ó lè gbé yín fún nǹkan bíi kìlómítà 80 ní eré tí kò ju 80 lọ. Láti Anié, ìyẹn tó láti dé Atakpamé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, ó ń gbé gbogbo ìlùkì kòtò wọ inú rímù, rímù sì ń ya. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí táyà lásán, kó máa wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín láti ọjọ́ yẹn lọ: táyà sípíà tó pé ìwọ̀n, jáàkì, sípánà rímù, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ orí táyà, àti táyà tókunbọ̀

Rọ́bà ń gbó lórí pẹpẹ bó ṣe ń gbó lójú ọ̀nà. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ló kẹ́yìn. 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2021. Bí nọ́ńbà mẹ́ta péré bá wà níbẹ̀, a ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000, ibi ìdalẹ̀ ló yẹ ẹ́. Nọ́ńbà náà lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ wo inú àti òde. Fún ọkọ̀ alágbára nínú ooru wa, èmi kò ní ra táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́ta, èmi kò sì ní máa lo èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ nípọn.

Ìtàn méjì ló yẹ kí a rántí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2013, òṣèré Amẹ́ríkà náà, Paul Walker, kú nínú Porsche Carrera GT ní California. Àwọn agbófinró tó wádìí rẹ̀ fi ẹ̀bi lé eré àsápajúdé, wọ́n sì tún sọ pé táyà ọkọ̀ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò lè fi rọ́bà gbígbó di kọ́nà mú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ròyìn pé eré àsápajúdé ló fa á, pé táyà sì bẹ́. Jíìpù ńlá ni wọ́n wà nínú rẹ̀, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀.

Nàìjíríà ti fòfin de kíkó táyà tókunbọ̀ wọlé. Ní Lomé, òkítì wọn wà ní etí títì, owó wọn sì ń fa ojú. Ìmọ̀ràn mi fún ọkọ̀ alágbára ni pé kí ẹ má ra á. Bí ìṣòro ojú ọ̀nà bá fi dandan lé e láti dé ilé, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó sanwó:

1. Ẹ ka DOT rẹ̀, kí ẹ sì wá àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta.
2. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, kí ẹ sì wo ihò ojú rẹ̀. Bí ìlà wẹ́wẹ́ bá ń ya níbẹ̀, ó ti gbó.
3. Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú iná. Àmì lílẹ̀ ń sọ pé nǹkan ti gún un rí; ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú tàbí òbìrí tó hunjọ ní inú ẹ̀gbẹ́ ń sọ pé ó ti rìn láìsí afẹ́fẹ́.
4. Ẹ wọn ihò ojú rẹ̀. Táyà tuntun sábà máa ń ní mìlímítà 7 sí 8. 1.6 ni òfin Yúróòpù fi ṣe òpin, ṣùgbọ́n nínú òjò tiwa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti dé 3.
5. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Bí okùn bá ń hàn nísàlẹ̀ ihò, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan

Táyà mẹ́rin, orúkọ kan, àwòrán ojú kan. Bí iwájú bá di ilẹ̀ mú ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò yọ ní kọ́nà tútù, agbára ẹ́ńjìnì yóò sì tì í síwájú sí i. Àwọn kọ́nà Alédjo, lókè Sokodé, kì í dárí ji irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Bí owó bá tó fún méjì péré, ẹ fi tuntun sí ẹ̀yìn, ì báà jẹ́ iwájú ni ẹ́ńjìnì ń fà. Awakọ̀ lè fi ọwọ́ mọ̀ bí iwájú bá ń yọ̀, kó sì fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ, ó máa ń pẹ́ kí ó tó mọ̀.

Lórí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, irú 4MATIC, xDrive àti quattro, àìdọ́gba ojú táyà ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan máa yí ju èkejì lọ ní gbogbo ìgbà, gíà àárín á sì máa gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Ìyàtọ̀ mìlímítà 2 sí 3 ti pọ̀ jù níbẹ̀. Owó gíà náà yóò ra táyà púpọ̀.

Afẹ́fẹ́ inú táyà

Àṣà kan wà tí mo bẹ gbogbo awakọ̀ ọ̀nà yìí pé kí wọ́n fi sílẹ̀: jíjọ̀ afẹ́fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí táyà má baà bẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà ń tẹ̀ jù, rọ́bà ń gbóná, àwọn ìpele inú rẹ̀ ń tú kúrò lára ara wọn, táyà sì bẹ́. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yóò fẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Nọ́ńbà tó kọ ti ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, pẹ̀lú gééjì tiyín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fẹ́ 2.2 sí 2.5 bar. Ọjọ́ tí ẹrù bá kún, nọ́ńbà gíga tó wà fún ẹrù lórí òpó ilẹ̀kùn ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìrìn, tí ẹ sì rí i pé ó lé, ẹ má ṣe jọ̀ ọ́.

Afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́ nínú òjò náà. Ní 1963, àwọn olùwádìí NASA ṣàlàyé, láti inú ìdánwò táyà ọkọ̀ òfurufú, pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá ti kéré ni omi ṣe ń gbé e kúrò nílẹ̀ ní eré tó kéré. Bí a bá fi ìṣirò wọn wo 2.2 bar, nǹkan bíi kìlómítà 94 ní wákàtí kan ni omi jíjìn lè gbé táyà tí ihò rẹ̀ ti tán. Ní 1.6 bar, ó sọ̀kalẹ̀ sí 80. Táyà tó fẹ̀ tún ń léfòó kíá ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ìdí nìyí tí fífi táyà fífẹ̀ sí ọkọ̀ kì í ṣe ìlọsíwájú ní gbogbo ìgbà. Bí ọwọ́ ọkọ̀ bá fúyẹ́ lójijì lórí omi, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú tààrà, ẹ má sì tẹ bíréèkì lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí táyà bá bẹ́.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà

Ẹ dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọ̀fà ojú táyà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ Outside tàbí Extérieur sì gbọ́dọ̀ wà níta. Ẹ ní kó fi rọ́bà ẹnu afẹ́fẹ́ tuntun sí i. Bálánsì ṣe dandan, bẹ́ẹ̀ ni títọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ sọ́nà. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá sí nítòsí, ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò ní Lomé. Bí a bá fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó wọ́ sílẹ̀, yóò jẹ ẹ̀gbẹ́ inú táyà tuntun láìjẹ́ kí ẹ rí i.

Bí ìṣó bá gún ojú táyà láàárín, tí ihò náà kò sì ju mìlímítà 6 lọ, ẹ jẹ́ kó tú u kúrò lára rímù, kó sì lẹ̀ ẹ́ láti inú. Okùn tí a ń kì bọ ihò láti òde jẹ́ fún dídé ilé. Ihò tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣe é lẹ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi tíúbù sínú táyà aláìnítíúbù ọkọ̀ alágbára: tíúbù àti táyà yóò máa fi ara ha ara wọn, yóò gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Táyà tuntun ní ọ̀rá tó ń yọ̀ lójú. Fún nǹkan bíi kìlómítà 300 àkọ́kọ́, ẹ rọra wà á, pàápàá lórí ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì rímù dì.

Bí owó kò bá tó ohun gbogbo

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ ná owó yín ní títò yìí. Èkíní, táyà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tí nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré wọn pé. Èkejì, A tàbí B nínú òjò. Ẹ̀kẹta, rímù kékeré tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, kí ẹ̀gbẹ́ táyà lè ga. Ẹ̀kẹrin, gééjì àti táyà sípíà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ tó ronú nípa orúkọ tó lókìkí jù. Bí owó bá tán ní èkejì, tí rímù 19 ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ẹ dín eré kù títí ẹ ó fi rí ti ẹ̀kẹta ṣe, nítorí pé eré ni ohun kan ṣoṣo tí awakọ̀ lè dín kù láìná owó kankan.